Òkúta Bàbá Mi Lórí Òṣùwọ̀n Ayé

Òórùn kòkó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nílùú òyìnbó. Gbogbo àwọn tó ti lọ ṣáájú mi ló ti sọ ti òtútù fún mi. Wọ́n sọ ti oúnjẹ tí kò láta, wọ́n sọ ti oòrùn tó ń jáde tí kì í móoru. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí mo bá ṣí fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, òórùn kòkó tí wọ́n ń yan ni yóò rọ́ wọlé bá mi. Ilé iṣẹ́ kan wà lódìkejì odò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ kòkó di ìyẹ̀fun. Mo di fèrèsé mú, omi sì ń bọ́ lójú mi. Èmi tí mo sá kòkó lórí ẹní ní Ararọ̀mí-Òwu títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi dúdú, mi ò mọ̀ pé ó ti ṣáájú mi débẹ̀, ó sì ti di onílé.

Netherlands ni orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ Ìkirè ni mí. Ọmọ Àpòmù ni ìyá mi, òun ló ń dín dòdò Ìkirè lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Bàbá mi, ọmọ Ìkirè, ní oko kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu. Mo kàwé nípa ètò ọrọ̀ ajé nílé, mo lọ kà sí i lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì kan gbà mí síṣẹ́ fún ọdún kan.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni kí wọ́n máa wọn orílẹ̀-èdè ayé lọ́dọọdún. Wọ́n fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ajé ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ ti àwọn yòókù tó. Wọ́n á wo ọjà tó ń kó jáde àtèyí tó ń kó wọlé, wọ́n á wo àwọn àjèjì tó wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wo bí ibodè rẹ̀ ṣe le tàbí bó ṣe rọ̀. Wọ́n á wá tò wọ́n, látorí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu dórí ẹni tó tì í pa. Àwọn ìjọba máa ń kà á. Àwọn olówó tó ń wá ibi tí wọ́n á da owó wọn sí náà máa ń kà á, ibi tí wọ́n bá sì rí nísàlẹ̀, wọn kì í yà síbẹ̀.

Ọdún kan péré ni àdéhùn iṣẹ́ mi, físà mi sì rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí mi ò bá ní iṣẹ́ kan tó jẹ́ tọwọ́ ara mi kí òṣùwọ̀n ọdún náà tó jáde, a ó kí ara wa pé ó dàbọ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé mi ò ní padà sílé nítorí pé wọ́n lé mi. Bí mo bá máa padà, ẹsẹ̀ mi ni yóò gbé mi lọ nígbà tó bá wù mí.

Hanna ni ọ̀gá wa ń jẹ́. Obìnrin ni, ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, gbogbo ènìyàn ló sì ń pè é ní Hanna gbansasa, àtọmọdé àtàgbà. Ẹnu mi ò gbà á. Mo gbìyànjú, mo ní "Hanna," ojú tì mí, mo bá fi "ma" tì í lẹ́yìn. Bó ṣe di Hanna ma títí dòní nìyẹn. Bí mo bá tẹ orúnkún díẹ̀ nígbà tí mo ń gbé nǹkan fún un, á bi mí tìyọ́nútìyọ́nú bóyá orúnkún ń dùn mí. Ní oṣù kẹta, ó mú orúkọ dókítà kan wá fún mi.

Kí n má purọ́, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló le jù. Nílé wa, kí o tó ti ẹnu ọ̀nà rìn dé ìdí agbada ìyá mi, wàá ti dáhùn ìkíni títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ. Lọ́hùn-ún, mo lè kírun Jímọ̀ọ́ tán, kí n padà sílé, kó sì di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Ọjọ́ Iléyá àkọ́kọ́, mo wọ aṣọ tí ìyá mi dì sínú àpò fún mi, mo kírun nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mo padà wá jẹ búrẹ́dì. Wọ́n fi fídíò pè mí láti Ìkirè, gbogbo wọn ń pariwo, ẹran àgbò wà lórí iná. Mo ní mo ti jẹun yó. Mo pa fóònù, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ṣùgbọ́n mo kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Mo ṣubú sínú koríko, mo ṣubú síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ṣubú lójú àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun un dé ọ́fíìsì láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fọwọ́ ara mi kí ara mi kú oríire.

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìpè mí. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n tún ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún òun.

"Kí lo tún ní ẹ ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn?"

"Orílẹ̀-èdè ni, ìyá mi. Bí oníkálukú ṣe ń bá ayé ṣòwò tó."

"Kóńgò wo lẹ fi ń wọ̀n wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kì í ṣe kóńgò ìrẹsì, kọ̀ǹpútà ni.

"Ó dáa o. Mo ti sọ fún wọn ládùúgbò pé kòkó lò ń wọ̀n. Bí mo bá wí èyí tó o wí yìí, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa."

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó bi mí léèrè àlàáfíà, ó ní, "Ṣé ẹ máa ń dán òṣùwọ̀n yín wò kí ẹ tó gbé ìlú onílùú sórí ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Ó péye."

"Èmi ò bi ọ́ bóyá ó péye. Kí lẹ kọ́kọ́ ń gbé lé e tí ẹ ti mọ bó ṣe wúwo tó?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ní Ararọ̀mí-Òwu, òkúta kan wà lábẹ́ amù omi ní mọ́ṣáláṣí. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Àwọn bàbá wa ti gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n oríṣiríṣi ní Ìkirè, ní Gbọ̀ngán, ní Àpòmù, títí gbogbo òṣùwọ̀n fi fẹnu kò lórí bó ṣe wúwo tó. Bí oníkòkó bá ti Gbọ̀ngán dé, tó so òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbé àpò kankan sún mọ́ ọn. Wọ́n á kí i, wọ́n á fún un lómi, ẹnì kan á sì lọ gbé Ẹlẹ́rìí wá. Bí òṣùwọ̀n bá gbé Ẹlẹ́rìí bó ṣe yẹ, ọjà bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbé e, wọn kì í bá oníkòkó jà. Wọ́n á ní ó dàbọ̀, òṣùwọ̀n yín ò mọ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí mo mọ̀ dájú, tí mo lè gbé lé òṣùwọ̀n wa. Kí ni mo mọ̀ ju dòdò ìyá mi lọ? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù ni wọ́n ń gún, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú, wọ́n á pọ́n ọn séwé. Alhaja kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń wá kó o, tó ń fi í rán àwọn arìnrìn-àjò sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Dọ́búlìnì, sí Jẹ́dà. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti ń bá ayé ṣòwò, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń wọn òwò ayé. Mo bá wá a nínú gbogbo ohun tí a kó jọ nípa Nàìjíríà. Mo wá a lábẹ́ oúnjẹ, lábẹ́ ọjà tó jáde, lábẹ́ ẹrù kéékèèké. Kò sí níbì kankan. Alhaja ò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń kó aṣọ wá láti Kùtọ́nù ò sí níbẹ̀. Lójú òṣùwọ̀n wa, agbada ìyá mi ò gbóná rí.

Inú bí mi. Mo lọ bá Hanna.

"Hanna ma, òṣùwọ̀n wa ò rí ìyá mi."

Ó yí àga rẹ̀ sí mi. "Kò rí ìyá tèmi náà," ló wí. "Ohun tó bá gba èbúté kọjá tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ nìkan la lè wọ̀n. Bí mo bá bu díẹ̀ sórí ti ìlú yín nítorí pé o sọ fún mi, kí ni kí n wí fún àwọn yòókù?"

Ènì ló ń sọ láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí olóńjẹ bá wọn gààrí fún ọ tán, tó tún bu díẹ̀ lé e, oore ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ara ìwọ̀n. Òótọ́ ló sọ, pé ó sì jẹ́ òótọ́ ló dùn mí jù.

"Mi ò tọrọ ènì," ni mo wí. Mo sọ ìtàn Ẹlẹ́rìí fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo ojú fèrèsé, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òkúta kan ò tó. Kí n wá irú ẹrù ọwọ́ tí wọn kì í kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn náà, kí n bi gbogbo wọn bákan náà, kí n sì parí rẹ̀ kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ní bó bá dúró, a jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá dúró, mi ò sì bi í.

Teresa ló ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Filipínì ni, a jọ ń jókòó níbi iṣẹ́, òun náà ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwa méjèèjì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi tí àwọn àlejò ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Tiwa máa ń di ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù, tiwọn máa ń dì í sínú páálí ńláńlá. Òun á bi àwọn ènìyàn tirẹ̀, èmi á bi àwọn tèmi.

Mo bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọjà tí ẹ ń kó ránṣẹ́ ṣe ń pọ̀ tó?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀."

Ẹlòmíràn ní, "À ń fọgbọ́n ṣe é ni." Òmíràn ní, "Àlùhámúdùlílàhì, a ò rùn." Mo pe ìyá mi gan-an, mo bi í bí dòdò tó ń lọ òkè òkun ṣe pọ̀ tó.

"Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀," ni ìyá tó bí mi wí. "Kí lò ń bèèrè fún?"

Mo kọ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òtútù yẹn, nígbà tí òjò dídì ń bọ́ sínú bàtà mi. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí mo gbé e lé òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mira. Teresa wò ó, ó lọ po tíì fún mi.

Ìwà wa ni. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò sì sí oníṣòwò tó ń ka ọjà rẹ̀ sí etí ẹlòmíràn. Òyìnbó tó bá gbọ́ díẹ̀díẹ̀ á tún bèèrè, á ní díẹ̀ báwo. Èmi ò lè bèèrè lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ àgbà. Mo ti gbé ẹnu òyìnbó lọ bèèrè, mo sì fi etí ọmọ Ìkirè gbọ́ èsì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpò tí mo gbé wá, tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bi ara mi léèrè ibi tí mo jẹ́ ti. Nílùú òyìnbó, wọ́n ní ohùn mi rẹlẹ̀ jù. Bí mo bá sì pe ilé, wọ́n á ní ohùn mi ti ń dà bíi ti òyìnbó. Kòkó tó wà lódìkejì odò sàn jù mí lọ, òun ti gbàgbé oko, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé èmi náà á gbàgbé, ẹ̀rù sì tún bà mí pé wọn ò ní jẹ́ kí n dúró pẹ́ tó láti gbàgbé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá mi pè, inú ń bí i.

"Ewé ni ò jẹ́ n sinmi! Èyí tí wọ́n kó wá láti Ìkòyí wa níbí lánàá ti tán pátá. Mo tún ránṣẹ́ sí Àpòmù láàárọ̀ yìí, ìyẹn náà ti ń tán. Alhaja ló kó gbogbo dòdò lọ, ó ní wọ́n ń retí ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Tọ̀sẹ̀ tọ̀sẹ̀ báyìí!"

Mo dìde dúró. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ìyá mi tà, kí a lè tọrọ bàtà tuntun, a kì í bi í. Agbọ̀n ewé la máa ń yọjú wò. Bí ewé bá ṣẹ́kù, a ó dákẹ́. Bí agbọ̀n bá ṣófo, a ó lọ tọrọ bàtà.

"Ìyá mi," mo ní, "ẹ tún sọ ti ewé yẹn."

Ó sọ ọ́. Ó sọ iye ìdì tó ń lò fún Alhaja, ó sọ tọdún tó kọjá, ó sọ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó bú àwọn tó ń já ewé tí kò gbó. Kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ta ló ń fi ìráhùn pa mọ́?

Mo pe Teresa, mo ní a ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ní ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yára. A padà sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí a ti bi, a ò sì bi wọ́n ní ọjà mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ ma. Wọ́n ní dúrọ́ọ̀mù ti wọ́n báyìí."

"Ṣé ó tilẹ̀ wà ni? Ọmọ mi, jókòó. Lóṣù tó kọjá nìkan..."

Ọ̀rọ̀ di òjò. Àwọn kan bá mi jáde dé ìta, wọ́n ṣì ń ráhùn nípa dúrọ́ọ̀mù tó ya. Teresa náà ń bi àwọn tirẹ̀ nípa páálí àti téèpù, ó ní bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò ló rí. Hanna ní kí a fi ti ìlú mìíràn kún un, a sì fi kún un, ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ tí mo kó o wá síwájú gbogbo ọ́fíìsì, arìnrìn-àjò kan ti bá mi mú dòdò dé láti ilé. Mo gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ewé rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú lára rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n wa ṣe wí, kò sí nǹkan kan lórí tábìlì yìí." Wọ́n jẹ ẹ́. Ata mú Hanna, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mu omi, ó tún mú òmíràn. Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní, "Ewé lẹ fi wọn òwò?" Mo ní, "Ewé ni, sà, àti dúrọ́ọ̀mù, àti páálí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè gidi. Mi ò jókòó títí wọ́n fi bèèrè tán. Ohùn mi ò rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbà á wọlé. Òṣùwọ̀n ọdún yẹn jáde pẹ̀lú ẹrù ọwọ́ nínú rẹ̀. Mo sáré ṣí i láti wo Nàìjíríà.

Ipò tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Gbogbo ìlú tí a wọ̀n ló ní ìyá tó ń dín nǹkan, gbogbo wọn ló gòkè díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ré ẹnì kejì kọjá. Mo jókòó sídìí rẹ̀, ó dùn mí wọra. Hanna wá bá mi níbẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, pé àdéhùn tuntun ti wà nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Kò bi mí ní orúnkún mọ́.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sétí odò, òórùn kòkó ń fẹ́ bọ̀, mo sì pe ilé. Bàbá ló gbé e. Mo ní wọ́n ti ní kí n dúró. Ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, ìyá mi ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá sọ èyí tó ń dùn mí.

"Bàbá, ipò wa ò yí padà. Ibi tí wọ́n fi wá sí tẹ́lẹ̀ náà la wà."

"Ta ló ní òkúta máa ń sọ kòkó di púpọ̀?" ni bàbá mi wí. "Ohun tí mo bi ọ́ lọ́jọ́sí ni mo tún ń bi ọ́. Ṣé ẹ gbé Ẹlẹ́rìí lé e?"

"A gbé e lé e, sà."

"Ṣé ó gbé e?"

Mo wo odò. Mo rántí agbọ̀n ewé tó ṣófo.

"Ó gbé e, Bàbá."

"Ó tán," ló wí. "Ẹ máa wọ̀n wá lọ."